Àgẹmọ Tí A Gbàgbé

Kò sí gbólóhùn tí ó ń kọ mí lóminú nínú ìjíròrò lórí àṣà wa tó èyí tí ó ní, "Àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n." Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún ni mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn, níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama. Olùbánisọ̀rọ̀ náà ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín ìtàn ìṣẹ̀dá Yorùbá àti tíọ́rì tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Big Bang: iyanrìn tí adìyẹ oníka márùn-ún tàn ká ni ìbúgbàmù ńlá náà. A pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin kan wá dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, omi tí ó wà nílẹ̀ kí adìyẹ tó dé, ta ló dá a?" Wọ́n ní kí ó jókòó, pé ọmọdé kì í bi àgbà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè yẹn gan-an ni ó yẹ kí a dáhùn. Ìtàn wa kò bẹ̀rẹ̀ láti inú òfo. Omi ti wà, ọ̀run ti wà, Olódùmarè àti àwọn òrìṣà ti wà níbẹ̀. Ohun tí ìtàn náà ń ṣàlàyé ni bí ilẹ̀ ṣe di ibi tí ènìyàn lè gbé, àti ẹni tí ó ni àṣẹ lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń sọ ọ́, Ọbàtálá mu ẹmu yó, ó sùn lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ìtàn oyè ni. Ó sì yẹ kí èyí yé wọn ní Òkè-Ìlá ju ibòmíràn lọ. Láti Ìlá-Yàrà ni wọ́n ti pínyà, tí àwọn kan tẹ Ìlá Ọ̀ràngún dó, tí àwọn kan tẹ Òkè-Ìlá dó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní Ọ̀ràngún tirẹ̀ lórí ìtẹ́, méjèèjì sì tọpa ìran ọba wọn dé ọ̀dọ̀ Odùduwà. Níbi tí ọ̀ràn bá ti rí báyìí, bíbéèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe eré.

Tíọ́rì àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò jẹ mọ́ oyè. Georges Lemaître, àlùfáà ìjọ Àgùdà ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, kọ ọ́ ní 1927 pé àgbáńlá-ayé ń fẹ̀ sí i. Ní 1929, Edwin Hubble fi ìwọ̀n hàn pé bí agbo ìràwọ̀ kan bá ṣe jìnnà sí wa tó ni ó ṣe ń yára lọ tó. Fred Hoyle, tí kò gba tíọ́rì náà gbọ́, ni ó sọ ọ́ ní Big Bang lórí rédíò BBC ní 1949. Orúkọ yìí ni ó ṣì wá lọ́nà tí a fi ń pè é ní ìbúgbàmù, bí ẹni pé bọ́ǹbù kan bú ní ibì kan. Kò sí ibi kankan lóde àgbáńlá-ayé tí nǹkan ìbá ti bú. Àyè fúnra rẹ̀ ni ó ń fẹ̀. Yorùbá sì ní ọ̀rọ̀ náà, fẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní inú rẹ̀ ni orúkọ Ifẹ̀ ti jáde. Mo fara mọ́ ọn kí a máa sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ̀ àgbáńlá-ayé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni a yá. Ìyẹn kò sọ pé àwọn baba wa ti ka iye agbo ìràwọ̀.

Ibi tí ìtàn àti tíọ́rì ti súnmọ́ ara wọn ni apá tí olùbánisọ̀rọ̀ wa kò mẹ́nu bà. Nínú Olódùmarè: God in Yoruba Belief, ìwé Bọ́lájí Ìdòwú tí ó jáde ní 1962, iṣẹ́ kò parí nígbà tí adìyẹ àti ẹyẹlé tan ilẹ̀ tán. A rán àgẹmọ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Àgẹmọ padà wá jábọ̀ pé ilẹ̀ ti fẹ̀, ṣùgbọ́n kò tí ì gbẹ tó. A tún rán an lọ.

Irú àgẹmọ bẹ́ẹ̀ ni Arno Penzias àti Robert Wilson. Ní 1964, ní Holmdel ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ìtànṣán rédíò láti òfúrufú ń gbé ariwo kan wá láìdáwọ́dúró, ibi yòówù tí wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí. Wọ́n fura sí àwọn ẹyẹlé tí ó tẹ́ ìtẹ́ sínú rẹ̀. (Ẹyẹlé mìíràn nìyẹn nínú ìtàn ìṣẹ̀dá!) Wọ́n kó ẹyẹlé kúrò, wọ́n fọ ìgbẹ́ rẹ̀ dànù, ariwo kò lọ. Ìtànṣán tí ó ṣẹ́kù ni, láti ìgbà tí àgbáńlá-ayé jẹ́ nǹkan bí 380,000 ọdún, tí ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ rí ọ̀nà gbà kọjá nínú rẹ̀. Láti 1948 ni Hoyle àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wí pé àgbáńlá-ayé kò ní ìbẹ̀rẹ̀. Tíọ́rì wọn kò rí ariwo yìí ṣàlàyé dáadáa, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì fi í sílẹ̀. Hoyle fúnra rẹ̀ kò gbà títí ó fi kú ní 2001. Mo bọ̀wọ̀ fún agídí rẹ̀, ṣùgbọ́n àgẹmọ ti jábọ̀.

Mo wá ọmọkùnrin náà kàn lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Mo sọ fún un pé nǹkan méjì ni ó para pọ̀ di omi, háídírójìn àti ọ́síjìn. Kóró háídírójìn ti wà láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ní nǹkan bí bílíọ̀nù 13.8 ọdún sẹ́yìn. Ọ́síjìn kò sí nígbà náà. Inú àwọn ìràwọ̀ ni a ti sè é lẹ́yìn ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, omi kò sí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó ronú díẹ̀.

"Bàbá, ṣé omi Ayikunnugba tí ó ń ṣàn lórí àpáta wa náà wà nínú rẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun fẹ́ lọ sọ fún olùbánisọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọkùnrin náà ti ń gbéra.