Fọ́tò Erékùṣù Fogo: Ta Ni Ó Ni Ilé?

Àwọn fọ́tò tí arìnrìn-àjò afẹ́ ń yà ní Fogo, erékùṣù olókè oníná ní Cape Verde, dùn ún wò: òkè gíga 2,829 mítà, yẹ̀pẹ̀ dúdú, òrùlé tó yọrí láàrin àpáta. Ibi tí a ti bá wọn wí nìyí: òrùlé náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ilé àwọn ará Portela àti Bangaeira ni, tí òkúta yíyọ́ bò mọ́lẹ̀ láàárín 2014 sí 2015. Àwọn kan ti padà síbẹ̀, wọ́n ń gbin àjàrà. Fọ́tò kì í sábà fi wọ́n hàn. Bí iná bá jó abà ní Òkè-Ògùn wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àlejò ya eérú rẹ̀ láìkí onílé, ṣé ẹwà la ó pè é? Kí ayàwòrán kọ́kọ́ kí onílé ná.