Ìwé Tí A Kì Bá Tí Yàn
Ní ọdún 1938 kan náà ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà àti Doguicimi ti Paul Hazoumé, ọmọ Àjàṣẹ́, jáde. Láàrin wa, àwọn olólùfẹ́ ìtàn iwin kì í ka ìtàn ààfin Àgbómẹ̀. Àwọn ará Kétu kò sì gbàgbé pé ogun Dàhòmì ló fọ́ ìlú wọn ní 1886.

A wá pààrọ̀ ìwé. Òótọ́ ni pé àlàyé àṣà pọ̀ nínú Doguicimi, ó sì máa ń dá ìtàn dúró lọ́nà. Ṣùgbọ́n obìnrin tó dojú ọ̀rọ̀ kọ Ọba Guézo nínú rẹ̀ láyà bí ọdẹ Fágúnwà. Ìwé náà kò wo ọgbẹ́ Kétu sàn. Ó fi hàn wá pé òtítọ́ lè ti ẹnu ẹni tó wà láàfin ọ̀tá jáde. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gba ìwé tí ẹ kì bá tí yàn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín.