Ọ̀nà Ilé láti inú Igbó Iwin

Àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ní Bódìjà àti ní Agbowó, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ibi gbogbo, fẹ́ràn sinimá àwọn akọni alágbára: ẹni tí ń fò bí ẹyẹ, ẹni tí ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé ọkọ̀ sókè. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ọ̀kan wà tí kì í sú wọn, èyíinì ni ti akọni tí ó já sí ayé mìíràn, ayé tí ó jọ tiwa ṣùgbọ́n tí kì í ṣe tiwa, tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, tí ó sì ń wá ọ̀nà àti padà sí ilé. Èmi kò rí ohun tí ó burú nínú pé kí ọmọdé fẹ́ràn irú ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùkọ́ lè sọ fún un pé irú rẹ̀ ti wà ní ilé, pé ọkùnrin kan tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ní Ìbàdàn níhìn-ín ni ó kọ ọ́, àti pé ọkùnrin náà rí ohun kan nínú ọ̀ràn yìí tí àwọn onísinimá kì í sábà rí.

Amos Tutuola ni ọkùnrin náà. Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní ọdún 1920. Ọdún díẹ̀ ni ó lò ní ilé-ìwé, nítorí pé bàbá rẹ̀ kú, owó sì tán. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì ṣe é lábẹ́ àwọn ọmọ-ogun òfuurufú ti Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó nígbà ogun Hitler. Lẹ́yìn ogun, ó di ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba. Ní ọdún 1952 ilé-iṣẹ́ Faber and Faber ti Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé rẹ̀ kìíní, The Palm-Wine Drinkard. Ní 1954 wọ́n tẹ èkejì, My Life in the Bush of Ghosts, èyí tí a lè pè ní Ayé Mi nínú Igbó Iwin. Geoffrey Parrinder, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́jì ti Ìbàdàn nígbà náà, ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé kejì yìí. Ní 1956 Tutuola bọ́ sí iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì ní Ìbàdàn, níbi tí ó ti ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù-sí. Ní ìlú yìí náà ni ó sì kú sí ní oṣù Òkúdu ọdún 1997. Ìwé kejì náà ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Bí ìtàn náà ti lọ nìyí. Ọmọdékùnrin ẹni ọdún méje kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú ilé tí àwọn orogún ti kórìíra ìyá wọn, nítorí pé òun ni ó bí ọmọkùnrin. Ní ọjọ́ kan tí ìyá lọ sí ọjà, ogun akónilẹ́rú dé. Àwọn orogún kó ọmọ tiwọn sá lọ, wọ́n sì fi àwọn ọmọ méjì yìí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbé àbúrò títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó fi í sílẹ̀ lábẹ́ igi eléso kan, ogun sì mú ẹ̀gbọ́n lọ. Ọmọ náà gbọ́ ìró ìbọn, ó sá wọ inú igbó, kò sì mọ̀ pé Igbó Iwin ni, ibi tí ẹlẹ́ran-ara kò gbọdọ̀ dé. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni ó lò níbẹ̀. Iwin olóòórùn burúkú kan sọ ọ́ di ẹṣin, ó ń gùn ún kiri. Ó sọ ọ́ di màlúù, a sì fẹ́rẹ̀ fi í rúbọ. Ó fẹ́ aya láàárín àwọn iwin, ó bí ọmọ tí ó jẹ́ ìlàjì ènìyàn, ìlàjì iwin. Síbẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń bi ẹni gbogbo: níbo ni ọ̀nà ilé wà?

Ẹ kíyèsí i pé ayé kejì yìí kò jìnnà. Kì í ṣe ojú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìkọjá òkun. Ẹ̀yìn ilé ni. Ayé náà ní ọba, ó ní ìlú, ó ní ilé-ẹjọ́. Nígbà tí ọmọ náà dé ìlú kẹwàá, ó bá ìbátan rẹ̀ kan tí ó ti kú, tí ó sì ti dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti ilé-ìwé sílẹ̀ láàárín àwọn iwin. Àwa olùkọ́ a máa rẹ́rìn-ín nígbà tí a bá ka ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ńlá ni. Òǹkọ̀wé ń sọ fún wa pé ibi àjèjì kì í ṣe ibi tí kò sí ohun tí a mọ̀. Ibi àjèjì ni ibi tí ohun tí a mọ̀ gbé wà, tí kò sì sí ẹni tí ó bí wa níbẹ̀.

Báyìí, ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ yìí wé àwọn akọni mìíràn tí a mọ̀. Gbogbo olùkọ́ ni ó mọ Àkàrà-Ògún, ọdẹ inú ìwé D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938. Àkàrà-Ògún ní ìbọn, ó ní ọfọ̀, ó ní egbé tí í gbé ènìyàn dé ilé nígbà tí ewu bá dé. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ igbó, ó sì ń padà wá sí ilé láti sọ ohun tí ó rí. Ọ̀mu inú ìwé kìíní Tutuola, ẹni tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá fi ṣe eré ní èdè Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, kò yàtọ̀ sí i: ó ń fọ́nnu pé bàbá àwọn òrìṣà ni òun, oríṣiríṣi oògùn sì wà lára rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni akọni gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ wa ti mọ akọni. Ṣùgbọ́n ọmọ inú Igbó Iwin kò ní nǹkan kan nígbà tí ó wọlé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wí pé, “Tíṣà, kí ni ó sọ ọ́ di akọni nígbà náà?” ìbéèrè tí ó dára ni, mo sì gbà pé ìwé náà dá a lóhùn ní ibi méjì.

Ibi kìíní ni ti obìnrin iwin tí egbò bò lára. Ó bẹ ọmọ náà pé kí ó máa fi ahọ́n lá egbò òun fún ọdún mẹ́wàá. Òun yóò sì fi ọ̀nà ilé hàn án. Nígbà tí ọmọ náà kọ̀, obìnrin náà na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí i, ó ní kí ó wò ó. Nínú àtẹ́lẹwọ́ náà ni ó ti rí ìlú rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn, bí ẹni ń wo ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Orúkọ ẹ̀rọ náà gan-an ni Tutuola fi pe obìnrin yìí. Ẹ rántí pé 1954 ni ìwé náà jáde. Ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959 ni ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ti Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agodi ní Ìbàdàn, tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń yin ibẹ̀ nítorí pé ó dà bí àsọtẹ́lẹ̀. Èmi yìn ín nítorí ohun mìíràn. Bí ọmọ náà ti ń wo àtẹ́lẹwọ́, obìnrin kan gbé ọmọ elégbò wá bá ìyá rẹ̀, ìyá sì já ewé kan tí a ó fi wo egbò náà. Ọmọ inú igbó dá ewé náà mọ̀. Ó wá a, ó fi í wo obìnrin iwin náà sàn láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì lá egbò kankan.

Ẹ̀yin olùkàwé mi, ẹ dúró díẹ̀ lórí ewé yìí. Kì í ṣe idà, kì í ṣe ìbọn, kì í ṣe ọfọ̀. Ohun tí ìyá mọ̀ ní ẹ̀yìn ààrò rẹ̀ ni ó ṣí ìlẹ̀kùn ayé kejì. Ẹni mìíràn ìbá wo àwòrán ilé, kí ó sunkún, kí ó sì tẹ̀síwájú. Ọmọ yìí wò ó, ó sì kọ́ nǹkan níbẹ̀. Nínú èyí ni agbára rẹ̀ wà.

Ibi kejì ni òpin ìwé, òun ni ó sì ga jù lọ. Obìnrin iwin náà mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ: ọmọ náà wo àtẹ́lẹwọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì bá ara rẹ̀ lábẹ́ igi eléso tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi í sílẹ̀. Sinimá ìbá parí síbẹ̀ pẹ̀lú ìlù àti fèrè. Ìwé yìí kò parí. Àwọn akónilẹ́rú tún mú un. Wọ́n so ó, wọ́n tà á lọ́jà, egbò sì bò ó tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rí ẹni rà á. Ní ìkẹyìn ọlọ́rọ̀ kan rà á, ó sì ń jẹ ẹ́ níyà: ọlọ́rọ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ń gbé inú agbo ilé kan náà, wọn kò sì mọ ara wọn. Orin ni ó gbà á là, orin tí ó kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní orúkọ, tí ó sì jí ìrántí ọjọ́ àtijọ́. Nítorí náà ọ̀nà ilé kò tán sí ẹnu ọ̀nà ilé. Ìgbà tí ẹni tí ó wà nínú ilé bá mọ̀ ọ́ ni o tó dé.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé àlọ́ lásán ni èyí, kí ó ka ìtàn ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1821 ogun kó Òṣogùn, a sì mú ọmọdékùnrin kan tí a ń pè ní Àjàyí. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ òkun. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní 1822, ó sì kó o lọ sí Sàró. Ọdún 1846, ní oṣù Ògún, ni Samuel Àjàyí Crowther, tí ó ti di àlùfáà, tó fi ojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni ó wà láàárín. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò sì kọ́kọ́ jáde ní ẹnu wọn. Ìlú tí àwọn tí ogun lé kúrò nílé tẹ̀ dó ní nǹkan bí ọdún 1830 ni Abẹ́òkúta tí a bí Tutuola sí. Àgọ́ ogun sì ni Ìbàdàn tiwa yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1829. Ẹrú tí àwọn ológun Ìbàdàn kó wọ ìlú kò kéré. Nígbà tí a bí òǹkọ̀wé yìí, ogun Kírìjì kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí ó ti tú ká. Àwọn arúgbó tí ó mọ ohun tí ó jẹ́ láti sọnù ṣì wà láàyè. Igbó Iwin ni orúkọ tí ó fún ohun tí àwọn wọ̀nyí là kọjá.

Ìwé náà ní àbùkù, kò sì yẹ kí a bò ó. Àárín rẹ̀ wúwo jù: iwin ń tẹ̀lé iwin, ìlú ń tẹ̀lé ìlú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a lè yọ kúrò láìpa ìtàn lára. Ó fi aya rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìrọ̀rùn tí ó bani lọ́kàn jẹ́; ẹni tí a ti kọ̀ sílẹ̀ rí ní kékeré, ìbá yẹ kí ó ro ọ̀ràn ọmọ tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti èdè rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan ní ọdún wọnnì bínú pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wọ́, pé ó ń dójú ti ilẹ̀ wa, bí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù sì ti ń yìn ín ni inú túbọ̀ ń bí wọn. Mo rò pé ìhà méjèèjì wo aṣọ, wọn kò wo ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Yorùbá ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Kí olùkọ́ má ṣe fi í kọ́ ọmọ ní gírámà. Kí ó fi í kọ́ ọ ní ojú tí a fi ń wo nǹkan.

Àwọn àgbà ní, àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Òwe yìí ń bá ẹni tí ó lọ sọ̀rọ̀. Ìwé Tutuola bá ẹni tí ó jókòó sílé wí pẹ̀lú, nítorí pé ìkórìíra inú ilé ni ó lé ọmọ náà wọ igbó, àìmọni inú ilé ni ó sì fẹ́rẹ̀ pa á nígbà tí ó padà. Láti ọdún 2017 ni a ti ń fi ọkọ̀ òfuurufú dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa padà láti Líbíà. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ẹlòmíràn wà tí egbò rẹ̀ kò jẹ́ kí ará ilé dá a mọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ka ìwé yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹ má ṣe dúró lórí bí iwin ti burú tó. Ẹ bi wọ́n pé ewé wo ni ìyá wọn mọ̀, àti orin wo ni a ó gbọ́ ní ẹnu wọn tí a ó fi mọ̀ pé ọmọ ilé wa ni. Kí ẹ sì bi ara yín pé, bí ẹlẹ́gbò kan bá ń kọrin ní ẹ̀yìnkùlé wa lónìí, ta ni nínú wa tí yóò dẹ etí sí i?