Ta Ni Ó Ń So Kẹ̀kẹ́ Mọ́ Ajá Náà?

Ní ọjọ́ Sátidé kan tí òjò kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ṣeré níta, a kó wọn jókòó, a sì fi fíìmù The Secret Life of Pets hàn wọ́n, èyí tí ó jáde ní ọdún 2016. Ajá àgbà kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ Pops. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ti rọ, kẹ̀kẹ́ kékeré ni ó sì fi ń gbé ìdajì ara rẹ̀ kiri ìlú New York. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, àwa náà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí òun fúnra rẹ̀ ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sókè bí ẹni wà ní kíláàsì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ta ni ó ń so kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn láàárọ̀?"

Kò sí ẹni tí ó rí èsì fọ̀ nínú wa. (Àwọn òbí kan nínú ẹgbẹ́ kò fẹ́ kí á máa pe nǹkan yìí ní kẹ̀kẹ́ arọ mọ́. Títí wọn yóò fi bá wa wá orúkọ mìíràn tí ìyá àgbà nílé yóò gbọ́ yé láìbéèrè, èyí ni a ó máa lò.)

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a gbé ìbéèrè ọmọ yìí yẹ̀ wò, nítorí lójú tiwa, òun ni ó yẹ kí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ kí ó tó fi ohun ìrìn sí ara ẹran inú ìtàn. Ẹni tí ó bá ti rí kẹ̀kẹ́ ajá lójúkojú mọ bí ó ti rí. Irin fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe férémù rẹ̀, táyà méjì wà lẹ́yìn, okùn kọjá láyà àti léjìká ajá, wọn a sì fi ọ̀já gbé ìdí rẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ iwájú ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ara ajá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọ̀n kí wọ́n tó ṣe é. Bí okùn bá fún jù, yóò bó ajá lára. Bí ó bá dẹ̀ jù, kẹ̀kẹ́ yóò wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ajá tí ó wà nínú rẹ̀ kò lè dùbúlẹ̀ kí ó sùn bí ó ti wù ú. Ẹnìkan ní láti tú u, kí ẹni náà sì tún dè é pada nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a yin ohun tí ó yẹ ní yíyìn. Fíìmù náà kò sọ Pops di ẹni à-ń-káàánú. Òun ni àgbà tí ó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ìlú, òun ni Gidget àti àwọn yòókù tọ̀ lọ nígbà tí wọ́n ń wá Max. Ìfìwàwẹ̀dá tí ó dára nìyẹn. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iṣẹ́ kan nínú àhunpọ̀ ìtàn. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, tí Pops ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn, ìtàn náà kò ní yí pada púpọ̀. Ẹ̀ṣọ́ lásán ni kẹ̀kẹ́ náà, bí gèlè lórí ìyàwó.

How to Train Your Dragon, tí ó jáde ní 2010, mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Toothless, drágónì dúdú, pàdánù apá kan nínú ìrù rẹ̀, kò sì lè fò mọ́. Ọmọkùnrin tí ó ta á lulẹ̀, Hiccup, ni ó tún ń wá bí yóò ṣe tún un ṣe. Alágbẹ̀dẹ ni ọmọ náà ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò yà wá lẹ́nu. Ohun tí a fẹ́ràn ni pé ìrù àkọ́kọ́ tí ó rọ kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Kì í ṣí fúnra rẹ̀. Hiccup ní láti dì mọ́ ọn lójú òfurufú kí ó tó lè ṣí. Lẹ́yìn náà ó lo okùn, ó wá ṣe ibi ìtẹ̀ tí yóò máa fi ẹsẹ̀ darí rẹ̀. Drágónì kò lè dá fò, ẹni tí ó gùn ún kò sì lè sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ìtàn náà dúró lórí ìrù yẹn. Nígbà tí fíìmù ń parí lọ, Hiccup pàdánù ẹsẹ̀ kan, òun náà sì jí bá ẹsẹ̀ àtọwọ́dá.

Níbi kan, àwa fúnra wa kò fohùn ṣọ̀kan. Nínú fíìmù kúkúrú kan tí ó tẹ̀lé e ní 2011, Hiccup ṣe ìrù tí ń ṣí fúnra rẹ̀, kí Toothless lè máa dá fò. Drágónì lò ó, ó lọ, ó sì bọ̀. Nígbà tí ó yá, ó fọ́ ìrù náà túútúú, ó ní ti àtijọ́ ni òun fẹ́. Àwọn kan nínú wa sunkún ayọ̀. Àwọn mìíràn bínú: wọ́n ní èwo ni kí á máa kọ́ ọmọ pé ẹni tí ó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ yẹ kí ó kọ òmìnira sílẹ̀ nítorí ìfẹ́? Ó dà bí ẹni pé àwọn tí ó ṣe fíìmù náà gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, nítorí ní 2019, nínú fíìmù kẹta, Hiccup tún ṣe ìrù mìíràn fún un, ti ọ̀tẹ̀ yìí kò sì fọ́ ọ. A rò pé àwọn tí ó bínú ni ó jàre.

Ti Winter, dólífíìnì inú Dolphin Tale ti 2011, ìtàn tòótọ́ ni, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ṣe eré náà. Okùn pańpẹ́ akàn ni ó gba ìrù rẹ̀ ní etí òkun Florida ní 2005. Ó ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ láìsí ìrù, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni ó ń jù sí bí ẹja, dípò òkè àti ilẹ̀ bí dólífíìnì, èyí sì ń ba eegun ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ìrù àtọwọ́dá fún un. Ó wà láàyè títí di 2021. Òǹkọ̀wé tí ó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ fo èyí dá: kì í ṣe pé ẹran kò lè rìn nìkan ni ó ń mú kí á ṣe ohun ìrìn fún un.

Àwa Yorùbá ńkọ́? Ẹ rántí àlọ́ Ìjàpá tí ó bá àwọn ẹyẹ lọ sí òde ọ̀run. Ẹyẹ kọ̀ọ̀kan yá a ní ìyẹ́ kan, ó fò. Ẹnìkan lè sọ pé Ìjàpá kò yarọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n láàárín àwọn ẹyẹ, ẹni tí kò lè fò ni arọ. Ọ̀kánjúwà rẹ̀ bí wọn nínú, oníkálukú gba ìyẹ́ rẹ̀, Ìjàpá já lulẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì fọ́ yángá. Àlọ́ yìí dáhùn ìbéèrè ọmọ wa kedere: a mọ ẹni tí ó so ìyẹ́ mọ́ ọn, a mọ iye tí ó ná an. Ibi tí ó kù sí ni pé ẹni tí ó to ẹ̀yìn náà pọ̀ kò gbà ju gbólóhùn kan lọ. Èèrà ni nínú bí wọ́n ṣe pa á fún wa.

Ní Baltimore níbí, kò jìnnà sí wa, wọ́n rí ìjàpá inú igbó kan ní ọgbà Druid Hill ní 2018, tí abẹ́ igbá rẹ̀ ti fọ́. Àwọn oníṣègùn ẹran ní ilé ìtọ́jú ẹranko Maryland fi irin àti wáyà dè é, wọ́n sì fi Lego, ohun ìṣeré ọmọdé, ṣe kẹ̀kẹ́ fún un kí abẹ́ rẹ̀ má baà máa wọ́ nílẹ̀ títí yóò fi jinná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó fi ń ti ara rẹ̀ lọ. A sọ èyí fún ọmọbìnrin wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àlọ́ tirẹ̀ lédè Yorùbá. Alágẹmọ ni ó gbẹ́ kẹ̀kẹ́ fún Ìjàpá, ó sì gba iṣu mẹ́ta. Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà oko báyìí, òjò ti rọ̀, ẹrẹ̀ ti mú táyà, Ìjàpá sì ń pariwo pé kí Yánníbo wá tú òun. A ó tẹ ìyókù jáde nígbà tí ó bá kọ ọ́ tán.