Ilé Àṣà Mẹ́ta ní Oníkan

Ní Oníkan, ní Erékùṣù Èkó, ilé àṣà mẹ́ta wà tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé òmíràn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ṣí ní 1957. Èkejì ni Freedom Park, tí wọ́n ṣí ní 2010. Ẹ̀kẹta ni John Randle Centre, tí wọ́n ṣí ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2023. Owó ìlú ló kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí àbígbẹ̀yìn ni n ó ṣàpèjúwe jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ ta ni yóò sanwó ohun tí gbogbo ìlú jọ ń lò ti wà lórí ilẹ̀ náà kí ilé yìí tó débẹ̀.

Dókítà John Randle, tó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Edinburgh, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé náà. Ní 1908, òun àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti tako owó omi tí ìjọba amúnisìn fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ ará Èkó. Ọkùnrin tó kọ̀ kí wọ́n bu owó omi lé aráàlú lórí yìí náà ló wá fi owó àpò ara rẹ̀ ṣe omi fún ìlú. Omi ló yí Èkó ká, síbẹ̀ àwọn ọmọ ìlú kò ní ibi tí wọ́n ti lè kọ́ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́. Nígbà tí ìjọba kò dá sí i, Randle kọ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ sí Oníkan ní 1928, ọdún tó kú gan-an. Odò náà sin ìlú títí tó fi di ahoro, tí wọ́n sì wó o.

Lórí ilẹ̀ yẹn ni ilé tuntun dúró sí. Gómìnà Akínwùnmí Ambode ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ló kọ́ ọ parí, Ààrẹ Muhammadu Buhari ló wá ṣí i. Ẹni tó bá mọ bí àwọn aláṣẹ wa ṣe ń pa iṣẹ́ ẹni tó ṣáájú wọn tì yóò mọ̀ pé èyí yẹ fún ìyìn.

Seun Oduwole ló ya àwòrán ilé náà. Àwọ̀ amọ̀ tí oòrùn ti sá gbẹ ni wọ́n fún ògiri rẹ̀, bí ògiri agbo ilé àwọn bàbá wa. Òrùlé rẹ̀ ni mo kà sí ẹwà rẹ̀ tó ga jù. Láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń ga sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀gbẹ́ òkè, koríko tútù sì bò ó. Wọ́n ta nǹkan bí àwọ̀n aláwọ̀ wúrà síwájú àwọn ibì kan lára ògiri, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì ń gba ojú ihò rẹ̀ kọjá. Odò ìlúwẹ̀ẹ́ tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, kí ọrẹ Randle má baà pa rẹ́.

Nínú ilé, èdè Yorùbá ló ṣáájú nínú àlàyé tí wọ́n kọ sára ògiri. Lára ohun tí wọ́n kó síbẹ̀ ni àpótí ìjókòó gbígbẹ́ kan tí British Museum yá wọn. Ibí ni owó ìtọ́jú ti ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá yáni ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń béèrè pé kí afẹ́fẹ́ inú yàrá má gbóná jù, kó má sì rin jù, tọ̀sán-tòru. Iná kò gbọdọ̀ lọ, ẹ̀rọ amúlétutù kò gbọdọ̀ dákẹ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ kò gbọdọ̀ sùn. Omi odò náà ń fẹ́ sísẹ́ àti oògùn apakòkòrò, koríko orí òrùlé ń fẹ́ gígé. Ọdọọdún ni ìnáwó wọ̀nyí ń padà wá. Nítorí náà, ó yẹ kí owó wọn ti wà nínú ètò ìṣúná láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí àwòrán ilé.

Ọ̀nà mìíràn ni Freedom Park gbà láti rí owó ìtọ́jú tirẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Amọ̀ àti koríko ni ìjọba amúnisìn fi kọ́ ọ ní 1882, àwọn tó kórìíra ìjọba sì ń ju iná sí i, títí wọ́n fi kó bíríkì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún un kọ́ ní 1885. Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Nígbà tí ayàwòrán ilé Theo Lawson sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́, kò pa ojú ẹ̀wọ̀n náà rẹ́: yàrá ẹlẹ́wọ̀n kọ̀ọ̀kan, tí kò fẹ̀ ju àyè ẹnì kan lọ, di ìsọ̀, pèpéle eré sì wà níbi tí wọ́n ti ń yẹgi fún àwọn ọ̀daràn. Àwọn àlejò ń sanwó ẹnu ọ̀nà, àwọn olóúnjẹ ń sanwó àyè wọn, ẹni tó fẹ́ ṣeré ń háyà pèpéle. Bí ìlù bá dún ní ìrọ̀lẹ́, tí òórùn ẹran sísun sì gba inú ọgbà kan, owó iná tó tàn sórí pèpéle náà ni wọ́n ń pa lọ́wọ́ yẹn.