Ìwádìí Béèrè ní Yorùbá, Àwòrán Dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì: Àwòrán Oníṣirò láti Ìbàdàn dé Command ní Alímọ̀ṣọ́

Ìfáárà

Nínú ìwádìí lórí ìlera ìdílé tí Àjọ Elétò Ìkànìyàn ilẹ̀ Nàìjíríà ń ṣe, èyí tí a mọ̀ sí NDHS, èdè mẹ́ta ni wọ́n túmọ̀ ìwé ìbéèrè sí: Haúsá, Ígbò àti Yorùbá. Bí òṣìṣẹ́ ìwádìí bá wọ ilé kan ní Command, lójú ọ̀nà Ìpájà ní Alímọ̀ṣọ́, ó lè fi Yorùbá bi ìyá ilé náà léèrè iye ọmọ tí ó ti bí, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ti gbà, àti ibi tí wọ́n ti ń pọn omi. Yorùbá náà ni ìyá yóò fi dá a lóhùn. Nígbà tí èsì bá wá jáde, ìwé ńlá tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ni. Àwọn àwòrán inú rẹ̀, tí ó yẹ kí wọ́n mú un rọrùn, Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n ń sọ. Ìbéèrè dé ilé ìyá yìí. Ìdáhùn kò padà síbẹ̀.

Àwòrán oníṣirò ni iṣẹ́ yìí ń pe gbogbo àwòrán tí a fi ń sọ iye: ọ̀pá gíga àti ọ̀pá kúkúrú, ìlà tí ń gòkè tí ń sọ̀ kalẹ̀, róbótó tí a gé sí ìpín-ìpín, àti àwòrán ilẹ̀ tí a kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò tíì yéni títí a ó fi lè kà á sókè gẹ́gẹ́ bí odidi gbólóhùn ní èdè ẹni tí a bi ní ìbéèrè. Òdiwọ̀n yìí ni a ó fi wo iṣẹ́ àtijọ́ àti ti òde òní.

Ta ni àwòrán ń bá sọ̀rọ̀?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwòrán kò ní èdè, pé ojú gbogbo ènìyàn ni ó lè kà á. Ìtàn kò ti èyí lẹ́yìn. Ní ọdún 1900, W. E. B. Du Bois àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Atlanta ya ọ̀pọ̀ àwòrán oníṣirò nípa ìgbé ayé àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n sì pàtẹ wọn níbi àfihàn àgbáyé tí ó wáyé ní ìlú Paris. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ sára àwọn kan nínú wọn. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: àwọn ará Yúróòpù tí ń kọjá lọ níbi àfihàn náà ni Du Bois fẹ́ yí lọ́kàn padà. Ó mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, ó sì gbé èdè ẹni náà sára iṣẹ́ rẹ̀. Èdè tí ó wà lára àwòrán ni ó ń tọ́ka sí ẹni tí a gbé àwòrán náà ka iwájú.

Àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ ilé jù ni iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Isotype. Otto Neurath ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí ní Vienna ní àárín ọdún 1920 sí 1930. Kàkà kí ó fi nọ́ńbà nìkan sọ iye, àmì kékeré tí ó jọ ohun tí à ń kà ni ó ń lò: àmì ènìyàn kan fún iye ènìyàn báyìí, àmì ilé kan fún iye ilé báyìí. Lẹ́yìn tí Neurath kú ní ọdún 1945, ìyàwó rẹ̀, Marie Neurath, gba iṣẹ́ náà ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní àárín ọdún 1950 sí 1960, ó bá ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣiṣẹ́. Ó dé Ìbàdàn fúnra rẹ̀, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì ṣe ìwé pẹlẹbẹ tí ó kún fún àwòrán nípa ètò ẹ̀kọ́, ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀ fún gbogbo ará ìlú. Àkókò tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 1955 ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìjọba nílò ọ̀nà tí yóò fi ṣàlàyé owó orí àti ilé ìwé fún àwọn tí kò ka ìwé púpọ̀.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé àwọn àmì tí wọ́n ti ń lò ní Yúróòpù kò ṣeé gbé wá bẹ́ẹ̀. Aṣọ ara ènìyàn ní láti yí padà, ilé náà ní láti jọ ilé tí ojú mọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn tí wọ́n ń sọ pé àwòrán ni èdè gbogbo ayé ni wọ́n fúnra wọn rí i ní Ìbàdàn pé a ní láti ṣe ògbufọ̀ àwòrán pẹ̀lú.

Kí a má sì gbàgbé ibi tí iṣẹ́ náà kù sí. Ìjọba ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé pẹlẹbẹ wọ̀nyẹn, iṣẹ́ tí ó ṣe àti èyí tí ó fẹ́ ṣe ni ó sì ń fi hàn. Ará ìlú ń wò, kò sí àyè tí yóò ti fèsì. Àwòrán tí ó rẹwà lè di ìpolówó ọjà láìpẹ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó ṣe é ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ ìwé èsì òde òní kò béèrè mọ́: ojú ta ni yóò wo èyí, kí ni ojú náà sì mọ̀ tẹ́lẹ̀?

Ọ̀kẹ́, àádọ́ta àti ìṣirò inú èdè

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ Isotype tí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Bí iye bá pọ̀ sí i, a kì í sọ àmì di ńlá. Ṣe ni a ń fi òmíràn kún un. Ìdí òfin yìí rọrùn. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fi hàn pé ilé ìwé ti di ìlọ́po méjì, tí ó wá ya ilé ìwé kan tí ó ga ní ìlọ́po méjì tí ó sì fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ojú yóò rí. Irọ́ ti wọ inú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà tí a kọ sí abẹ́ rẹ̀ péye. Bákan náà ni àwọn baba wa ṣe ń ka owó ẹyọ. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ẹgbàá mẹ́wàá, èyíinì ni 20,000 ẹyọ. Bí owó bá pọ̀, àpò ni ó ń pọ̀. Àpò kan ṣoṣo kò ní wú láti gba ohun tí àpò méjì ń gbà.

Bí a ṣe ń pe nọ́ńbà ní Yorùbá pàápàá ń ṣe iṣẹ́ àwòrán. Ẹni tí ó bá pe 48 ní méjìdínláàádọ́ta ti sọ iye náà, ó sì ti sọ bí ó ṣe súnmọ́ àádọ́ta tó: ó ku méjì kó pé. Bí a bá ń ya ọ̀pá fún ẹni tí ń ronú ní Yorùbá, ó yẹ kí ìlà tín-ín-rín kan wà ní ibi àádọ́ta, kí ojú lè rí ìdín tí etí ti gbọ́.

Wo ohun tí èyí lè ṣe fún èsì kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀. NDHS ti ọdún 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, 132 ni ó ń kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ọ̀pá tí a kọ 132 sí lórí péye, ṣùgbọ́n kò sí ìyá tí ń fi ẹgbẹ̀rún ọmọ ronú. Ya ọmọ mẹ́jọ sí orí ìlà kan, kí o fi àwọ̀ mìíràn kun ẹyọ kan, kí o sì kọ sí òkè rẹ̀ pé: Nínú ọmọ mẹ́jọ tí a bí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan kò ní rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ karùn-ún. Gbólóhùn náà ni àwòrán, àwòrán náà ni gbólóhùn. Ọ̀pọ̀ àkọlé inú ìwé èsì kì í ṣe gbólóhùn rárá. Orúkọ lásán ni wọ́n, bí ìgbà tí a kọ «ikú ọmọdé, ní ìpínlẹ̀-ìpínlẹ̀» tí a sì dákẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe nínú wọn, wọn kò sì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Àwọ̀ kan ṣoṣo fún Alímọ̀ṣọ́

Àwòrán ilẹ̀ tí a kùn ní àwọ̀ ni ó gbajúmọ̀ jù nínú ìròyìn ìwádìí, òun náà ni ó sì rọrùn jù láti fi ṣi ènìyàn lọ́nà. A ṣe NDHS ti ọdún 2018 kí èsì rẹ̀ lè dúró fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan; a kò ṣe é láti dúró fún ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tí a bá fi àwọ̀ kan kun gbogbo Èkó, Command àti Ìkòyí ti wọ aṣọ kan náà. Ẹni tí kò mọ bí a ṣe ṣe ìwádìí náà yóò rò pé wọ́n wọn ibẹ̀ ni wọ́n ṣe rí àwọ̀ yẹn.

Tí a bá sọ̀ kalẹ̀ dé ìjọba ìbílẹ̀, ìṣòro kò tán. Ìjọba Èkó dá ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ 37 sílẹ̀ ní ọdún 2003, ìyẹn ni a fi rí Ìgàndó-Ìkòtún, Àyọ̀bọ́-Ìpájà àti àwọn mìíràn nínú Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba àpapọ̀ kò kà wọ́n mọ́ ìjọba ìbílẹ̀ 774 tí ó wà nínú òfin. Nítorí náà, ilé ìgbìmọ̀ tí ará Command mọ̀ ọ̀nà rẹ̀ kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Alímọ̀ṣọ́ kan ṣoṣo gbàǹgbà ni ó wà níbẹ̀.

Iye ènìyàn inú Alímọ̀ṣọ́ yìí náà di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, àjọ ìjọba àpapọ̀ sọ pé iye ènìyàn tí ó wà ní gbogbo Èkó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tí òun náà ka ènìyàn lákòókò yẹn, sọ pé ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún. Ní ti Alímọ̀ṣọ́, ti àkọ́kọ́ lé ní 1,200,000, ti èkejì sì lé ní 2,000,000. Láti ìgbà náà, a kò tíì ka ènìyàn mọ́; wọ́n sún èyí tí ó yẹ kó wáyé ní ọdún 2023 síwájú. Nítorí náà, gbogbo àwòrán tí ó bá sọ pé ènìyàn báyìí ni dókítà kan ń tọ́jú ní Alímọ̀ṣọ́ ti yan ọ̀kan nínú àwọn iye méjèèjì, tàbí èyí tí a gbé ka orí ọ̀kan nínú wọn. Bí kò bá sọ èyí tí ó yàn, ó ti fi apá kan ẹjọ́ pamọ́. Àwòrán olódodo yóò to ọ̀pá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, yóò sì kọ orúkọ ẹni tí ó ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ rẹ̀. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ohun kan tilẹ̀ wà tí ọ̀pá méjèèjì jọ sọ: Alímọ̀ṣọ́ ni ènìyàn pọ̀ sí jù nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Èkó. Ẹni tí ó bá fi iye kan ṣoṣo hàn ti sọ ìfohùnṣọ̀kan yẹn nù.

Ibi tí ìmọ̀ dópin

Ìwádìí oníbéèrè kì í bi gbogbo ènìyàn. Díẹ̀ ni ó ń ṣà nínú ọ̀pọ̀. Nítorí náà, èsì rẹ̀ ní àlàfo àìdájú, ìyẹn ni ibi tí òtítọ́ lè súnmọ́ sókè tàbí sísàlẹ̀ iye tí a rí. Ká ní a bi ilé 100 tí a ṣà láìṣe ojúsàájú ní Command, tí 48 nínú wọn sọ pé kànga ẹ̀rọ ni àwọn ń pọn. Àlàfo náà yóò tó mẹ́wàá sókè àti mẹ́wàá sísàlẹ̀. Bí ilé 400 bá jẹ́, yóò dín kù sí bíi márùn-ún. Ká ní àdúgbò kejì ní 54 nínú 100. Ọ̀pá méjì tí orí wọn mú gẹ́rẹ́ yóò pariwo pé àdúgbò kejì borí. Bí a bá fi ìlà tín-ín-rín hàn níbi tí àlàfo ọ̀kọ̀ọ̀kan dé, ojú yóò rí i pé wọ́n wọ inú ara wọn, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ìyẹn nìkan pín owó omi.

Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún àìdájú yìí. «Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó,» «ó tó bíi,» «kò ju báyìí lọ, kò dín sí báyìí»: ojoojúmọ́ ni a ń lò wọ́n lọ́jà. Àwòrán tí kò ní ohun tí a lè fi ọ̀kan nínú wọn kà ti sọ ju ohun tí ó mọ̀ lọ.

Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́

Bí a bá wá gbà láti kọ Yorùbá sára àwòrán, iṣẹ́ ṣì kù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń yàwòrán ni kì í gbé àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ papọ̀ dáadáa lórí lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀, àwọn tí ń ṣe àwòrán a sì ju gbogbo àmì nù. Nínú ìwádìí ìdílé, ewu rẹ̀ pọ̀. Ìwádìí a máa béèrè nípa ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti oko nínú ìwé kan náà. Bí a bá kọ «oko» sí abẹ́ ọ̀pá mẹ́rin láìní àmì, òǹkàwé kò ní mọ èwo ni iṣẹ́ ọkọ ìyá náà, èwo ni ohun ìrìnnà, èwo ni irinṣẹ́, èwo ni ilẹ̀ tí wọ́n ń dá. Kò sí àwọ̀ tí ó lè tún èyí ṣe.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn kan yóò sọ pé Command kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Òótọ́ ni; oríṣiríṣi èdè ni à ń gbọ́ ní Alímọ̀ṣọ́, òdiwọ̀n tí iṣẹ́ yìí dá lábàá sì kan gbogbo wọn. Èdè tí a bá fi béèrè ni ó yẹ kí a fi dáhùn, bóyá Yorùbá ni, bóyá Ígbò tàbí Haúsá. Àwọn mìíràn yóò sọ pé owó rẹ̀ yóò pọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti san owó ògbufọ̀ nígbà tí wọ́n ń wá ìdáhùn. Àwọn ọ̀rọ̀ fún omi, àjẹsára àti ọmọ bíbí ti wà nínú ìwé ìbéèrè, wọ́n ti dán wọn wò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ohun tí ó kù ni kí a gbé wọn padà sára àwòrán.

Iṣẹ́ yìí kò sì yẹ kó dá lórí àwọn oníṣirò nìkan. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní àwọn onímọ̀ gírámà, ògbufọ̀ àti àṣà tí wọ́n mọ bí gbólóhùn ṣe ń yéni. Àwòrán oníṣirò jẹ́ àyọkà tí ó yẹ kí wọ́n máa ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe fún ewì àti ìtàn àròsọ, nítorí orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìpinnu kà nípa ibi tí ilé ìwòsàn yóò wà àti ibi tí omi yóò dé. Ìyá tí ó jókòó dáhùn ìbéèrè lójú ọ̀nà Ìpájà ní ẹ̀tọ́ láti wo àwòrán náà, kí ó sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, tàbí pé bẹ́ẹ̀ kọ́.