TUTÙ, "COLD" ÀTI "WET": ÀRÍWÍSÍ KAN LÓRÍ BÍ A TI Ń KỌ́NI NÍ ÌTUMỌ̀

Ó ti di àṣà láàrin àwa olùkọ́ láti to ọ̀rọ̀ Yorùbá sí apá kan pátákó, kí a sì to ti Gẹ̀ẹ́sì sí apá kejì, ẹyọ kan fún ẹyọ kan. Nínú irú àtòjọ bẹ́ẹ̀, "cold" ni a máa ń kọ síwájú tutù. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé àtòjọ náà ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Ọ̀tọ̀ ni "cold", ọ̀tọ̀ ni "wet". Ti àkọ́kọ́ lòdì sí gbígbóná, èkejì lòdì sí gbígbẹ. Tutù ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ó sì tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

1 (a) Omi náà tutù.
(b) Aṣọ náà tutù.
(c) Ẹja tútù ni mo rà.
(d) Ìyá mi tutù bí àdàbà.

Gbóná ni òdì-kejì 1(a). Gbẹ ni ti 1(b). Ní 1(c), níbi tí tútù ti jẹ́ ẹ̀yán, tí ohùn òkè sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹja tí a kò tíì yan tàbí sá ni à ń wí. "Fresh" ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò. Ní 1(d), onínúfùfù ni òdì-kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá kọ "My mother is cold" ti sọ pé ìyá òun kò ní ìfẹ́. Ó fẹ́ yin ìyá rẹ̀, èébú ni ó bọ́ sí i lẹ́nu. "Gentle" ni ì bá lò.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wọ́n Yorùbá. A ní rin fún ohun tí omi wọ̀ dáadáa: Aṣọ náà rin gbingbin. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kọ́ ni òṣùwọ̀n gbogbo èdè. Ààlà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1889 ló jẹ́ kí ọmọ Ìlaró àti Ayétòrò máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọmọ Kétu àti Sakété sì ń kọ́ Faransé. Faransé a máa lo "frais" fún omi tó tutù níwọ̀nba, a sì tún máa lò ó fún ẹja tútù. Ibi tí ọmọ Ìlaró ti kọsẹ̀ lè má dí ọmọ Kétu lọ́wọ́. Àìgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ni ó fa àṣìṣe náà.

Lérò tiwa, inú gbólóhùn ni kí a ti máa kọ́ni ní irú ọ̀rọ̀ yìí, pẹ̀lú òdì-kejì rẹ̀. Kí olùdánwò má sì béèrè ìtumọ̀ tutù ní òun nìkan, nítorí pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Bí a bá sì bá ìyá "cold" pàdé nínú ìwé ìdánwò, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo pátákó tiwa kí a tó fa igi.